Ajá Mi Ń Họra Tọ̀sán-Tòru: Ṣé Ó Tọ́ Kí N Fún Un ní Oògùn Àlẹ́jì Tiwa?

Ìyá Tanímọ̀la, Òkè-Àró, Àkúrẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó àti ní agbègbè wa gbogbo. Abo ajá kan wà lọ́dọ̀ mi tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tanímọ̀la. Ajá ìbílẹ̀ ni ìyá rẹ̀, ajá ọlọ́pàá ti Jámánì ni bàbá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí kò sinmi ara híhọ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé gbà-gbà-gbà bí ó ti ń họra, kò sì sí ẹni tí ó lè sùn nínú ilé. Irun etí rẹ̀ ti ń re, ìgunpá rẹ̀ méjèèjì sì ti pọ́n.

Piriton wà nílé, hóró kékeré aláwọ̀ ìyeyè tí gbogbo wa mọ̀ láti ìgbà tí klorokúìnì ṣì jẹ́ oògùn ibà, tí ara sì máa ń yún wa bí ẹni jókòó sórí ìjàlọ. Aládùúgbò mi sọ pé hóró méjì ni òun máa ń fi sínú ẹ̀bà fún ajá tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní tirẹ̀ sọ pé oògùn ènìyàn kì í ṣe oògùn ẹran, kí n má fi ọwọ́ ara mi pa ajá. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Bàbá Oníkòkó, Oǹdó

Ẹ kú àárọ̀, Ìyá Tanímọ̀la. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọrọ gáfárà, nítorí mo mọ̀ pé bí ará Oǹdó bá ti dá sí ọ̀rọ̀ ajá, ẹ̀rín ni àwọn ará Àkúrẹ́ máa ń kọ́kọ́ rín. Lóòótọ́ ni pé ajá ni ẹran Ògún nílùú wa, n kò sì ní sọ pé n kò mọ ilé tí wọ́n ti ń sè é. Ṣùgbọ́n ajá mẹ́rin ni ó ń ṣọ́ ilé tí mo ń kó kòkó sí, mo sì ń náwó lé wọn lórí bí ẹni ń náwó lé ọmọ.

Mo ti fún méjì nínú wọn ní oògùn àlẹ́jì ènìyàn rí, dókítà ẹran ni ó sì ní kí n fún wọn. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n yín kò jàre tán, aládùúgbò yín náà kò sì jàre tán. Ohun tí ó ba ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín jẹ́ ni hóró méjì tí ó dá lé láìbéèrè bí ajá ti wúwo tó. Boerboel kan wà lọ́dọ̀ mi tí ó wọn kílò 52, ajá ìbílẹ̀ tí ó ń bá a ṣọ́lé kò sì ju kílò 14 lọ. Bí mo bá fún àwọn méjèèjì ní iye kan náà, ti ńlá kò ní mọ̀ pé òun jẹ nǹkan, ti kékeré á sì sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́ tí ọ̀sán á fi pọ́n.

Ẹ wọn ajá kí ẹ tó ka hóró. Orí òṣùwọ̀n kòkó ni mo ti máa ń wọn tèmi, inú àpò ni mo máa ń kì wọ́n sí pẹ̀lú orí wọn níta, àwọn alágbàṣe á sì máa béèrè pé mélòó ni kílò kan. Ẹni tí kò bá ní irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ lè gun èyí tí a fi ń wọn ara ẹni nínú ilé, kí ó ka iye tirẹ̀, kí ó tún gbé ajá náà mọ́ àyà gùn ún, kí ó sì yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ẹ̀ẹ̀kejì. Bí ẹ̀yin nìkan bá jẹ́ kílò 71, tí ẹ̀yin àti ajá sì jẹ́ 89, kílò 18 ni ajá.

Ìyá Snowy, Ọba-Ilé

Lhasa Apso kékeré oníkílò 7 ni tèmi. Loratadine ni a kọ́kọ́ dán wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí a ti fún un náà ni ó ń họra. Dókítà yí i padà sí cetirizine, ìyẹn sì dín híhọ náà kù débi pé a ń rí oorun sùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tán. Èyí tí ó bá ajá kan mu lè máà bá èkejì mu, a kì í sì í mọ̀ títí a ó fi dán an wò.

Apòògùn Arákàlẹ̀, Àkúrẹ́

Oògùn ènìyàn ni iṣẹ́ tèmi, nítorí náà n kò ní dá sí àrùn ajá. Ẹ̀yìn páálí ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àṣìṣe máa ń wà.

Àwọn hóró kan wà ní kẹ́mísì tí ó jẹ́ pé oògùn àlẹ́jì nìkan ni ó wà nínú wọn: chlorpheniramine oní-mílígíráàmù 4, èyí tí Piriton jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, cetirizine oní-10 àti loratadine oní-10. Àwọn mìíràn sì wà tí a po oògùn àlẹ́jì náà pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn, àwọn wọ̀nyí ni ó sì kún orí àtẹ jù. Hóró ọ̀fìnkìn àti òtútù tí àwọn ènìyàn ń rà lẹ́bàá ọ̀nà sábà máa ń ní chlorpheniramine nínú, ṣùgbọ́n paracetamol, káfíìnì, àti pseudoephedrine tàbí phenylephrine a máa bá a jókòó nínú hóró kan náà. Pseudoephedrine ni ó ń ṣí imú tí ó dí fún ènìyàn. Bí ajá bá gbé e mì, ọkàn rẹ̀ á máa sáré, ara rẹ̀ á gbóná, á máa gbọ̀n, ìwọ̀n tí kò tó nǹkan lójú wa sì lè pa á. Bí ẹ bá rí lẹ́tà D lẹ́yìn orúkọ cetirizine tàbí loratadine, oògùn aṣímú náà ni ó ń tọ́ka sí. Ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Oògùn olómi náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Diphenhydramine, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti máa fún ajá wọn, inú oògùn ikọ́ ni ó pọ̀ sí jù lọ́dọ̀ wa, pẹ̀lú àwọn èròjà ikọ́ mìíràn, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọtí. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ sára ìgò pé kò sí ṣúgà nínú rẹ̀, ẹ wá orúkọ xylitol lára rẹ̀. Ohun adùn kan ni, tí a fi ń rọ́pò ṣúgà. Kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ lójijì, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí páálí náà padà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀, kí ẹ sì ka orúkọ èròjà tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, kì í ṣe ti ajá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹyọ hóró ni wọ́n gé fún yín láìsí páálí, tí ẹ kò lè ka ohunkóhun lára rẹ̀, ẹ má fún ajá, bí ó tilẹ̀ jọ Piriton bí ìbejì.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun, Apòògùn. Èmi gan-an ni ẹni tí ẹ ń sọ.

Ní ọdún kejì mi ní ilé-ẹ̀kọ́, a ní ọmọ ajá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tí à ń gbé níta, àwa mẹ́ta ni a jọ ń bọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í họra, ẹnìkan sì ní oògùn ọ̀fìnkìn nínú àpò tí ó sọ pé Piriton wà nínú rẹ̀. Irọ́ kọ́ ni ó pa, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó kù. Hóró kan ni a fún un ní alẹ́. Kò tó wákàtí méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yíká yàrá láìdúró, ó ń mí hẹ̀lẹ̀-hẹ̀lẹ̀, ojú rẹ̀ là kalẹ̀, ara rẹ̀ sì gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni a fi gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ní òru. Ó lo ọjọ́ méjì pẹ̀lú omi tí wọ́n ń fà sí i lára kí ó tó lè jẹun.

Ohun kan ṣoṣo tí a ṣe dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ náà ni pé a mú páálí hóró náà dání. Òun ni dókítà kọ́kọ́ béèrè, kí ó tó fọwọ́ kan ajá rárá. Owó tí a san ju owó oúnjẹ mi fún oṣù náà lọ, n kò sì tíì sọ fún àwọn òbí mi títí di òní.

Dókítà Ẹran, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀, inú mi sì dùn sí i pé kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú yín. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un.

Bí ohun tí ara ajá kò gbà bá kan án, àwọn ẹ̀yà ara kéékèèké kan lábẹ́ awọ á tú kẹ́míkà kan jáde tí a ń pè ní histamine. Kẹ́míkà yìí á lọ jókòó sí àwọn ìjókòó tí a pèsè fún un lára iṣan àti òpó ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á sì máa yún. Oògùn àlẹ́jì kò ní agbára láti lé histamine tí ó ti jókòó dìde. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń gba ìjókòó náà ṣáájú. Ìdí nìyí tí ó fi ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá ń fún ajá lójoojúmọ́ ní àkókò tí a mọ̀ pé àlẹ́jì rẹ̀ máa ń dé, tí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ bí a bá dúró di ìgbà tí ó ti fi èékánná ya ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà láàrin àwa àti ajá tí ó yẹ kí ẹ mọ̀, kí ẹ má baà máa bú oògùn. Bí ara ènìyàn bá wú nítorí oúnjẹ tàbí tí imú rẹ̀ ń ṣàn nítorí eruku, histamine ni ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ náà. Nínú ajá tí awọ rẹ̀ ń yún fún oṣù méjì, oṣù mẹ́ta, histamine wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ọ̀gá. Èròjà mìíràn tí a ń pè ní interleukin-31 ni ó ń gbé ìròyìn yíyún náà lọ sí iṣan. Nítorí náà, ajá tí oògùn àlẹ́jì ènìyàn nìkan ń tó fún kò pọ̀. Oògùn tí a dìídì ṣe fún yíyún ajá wà: oclacitinib tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2013, àti abẹ́rẹ́ lokivetmab. Ọ̀wọ́n ni wọ́n lọ́dọ̀ wa, ẹlòmíràn á ra ajá méjì ní owó wọn. Prednisolone, oògùn sitẹ́rọ́ọ̀dù kan, rọjú púpọ̀, ó sì yára, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má rà á fúnra yín. Ó ń fa òùngbẹ, ó ń fa ìtọ̀, ó sì ń sọ àwọn ọmọ ogun inú ara di ọ̀lẹ. Bí ó bá jẹ́ pé kòkòrò ni ó wà nínú awọ, àyè ni ẹ ṣí sílẹ̀ fún wọn.

Ní ti iye tí a ń fún ajá, ibi tí a ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí fún ajá tí ara rẹ̀ le: cetirizine, mílígíráàmù 1 fún kílò kan, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, chlorpheniramine, kí ó má ju ìdajì mílígíráàmù lọ fún kílò kan, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, diphenhydramine, nǹkan bíi mílígíráàmù 2 fún kílò kan, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ajá oníkílò 18 tí Bàbá Oníkòkó fi ṣe àpẹẹrẹ lè gba hóró cetirizine kan àti ààbọ̀. Ó tilẹ̀ lè gba hóró Piriton méjì, tí ó fi jẹ́ pé aládùúgbò Ìyá Tanímọ̀la ṣèèṣì bọ́ sójú ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ Snowy ni ó fún ní méjì yẹn, ó ti ju ìlọ́po méjì ohun tí ó yẹ kí ó gbà.

Oorun ni a máa ń rí lẹ́yìn rẹ̀, pàápàá pẹ̀lú Piriton, ẹnu á sì gbẹ. Àwọn ajá kan wà tí ó ń ṣe òdìkejì fún, tí wọ́n á máa sáré kiri. Ajá tí ó ní gìrì, èyí tí ìtọ̀ ń ni lára, èyí tí ó ní gulakóómà lójú, èyí tí ó lóyún tàbí èyí tí ó ń lo oògùn mìíràn lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ gba hóró kan láìjẹ́ pé dókítà rí i. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá sì kọjá láìsí ìyípadà, ẹ má sọ hóró di méjì; ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a wá ìdí mìíràn.

Èyí mú mi padà sọ́dọ̀ Ìyá Tanímọ̀la. Nínú ọ̀pọ̀ ajá tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú orúkọ àlẹ́jì, yọ̀rọ̀, eégbọn tàbí kúrúnà ni mo máa ń bá lára wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta fún mi. Ibo gan-an ni ó ti ń họra jù? Ṣé ẹ ti tú irun ìdí ìrù rẹ̀ wò? Ṣé ara ń yún ẹnikẹ́ni nínú ilé?

Ìyá Tanímọ̀la

Dókítà, ẹ ṣeun púpọ̀. Eteetí etí rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó dé ìgunpá, ó sì ti wà ní ikùn rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ láìsí nǹkan kan. Mo tú irun ìdí ìrù rẹ̀ wò, n kò rí yọ̀rọ̀; eégbọn kan péré ni mo rí láàrin ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì ti yọ ọ́.

Ìbéèrè kẹta yín ni ó mú kí n dìde lórí àga. Ọmọ mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti ń họ apá àti abẹ́ ìgbáròkó láti bí ọjọ́ mẹ́wàá, kókó pupa wẹ́wẹ́ sì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ̀sì ooru ni mo pè é, àtíkè ni mo sì ń fi sí i. Òun àti ajá náà ni wọ́n jọ máa ń na ara sórí ẹní lọ́sàn-án.

Dókítà Ẹran, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́

N kò lè dá àrùn mọ̀ láti orí ìtàn, ṣùgbọ́n bí mo bá ní láti tẹ́ owó lé nǹkan kan, kúrúnà ni mo máa tẹ́ ẹ lé. Etí, ìgunpá, ikùn, tí ẹ̀yìn sì mọ́, tí ọmọ tí ó ń fara kan ajá náà sì ń yún: bí kúrúnà ṣe ń rìn nìyẹn. Kòkòrò tí ojú kò lè rí dáadáa ni, Sarcoptes ni orúkọ rẹ̀. Abo rẹ̀ máa ń gbẹ́ ihò sínú awọ ajá láti yé ẹyin sí. Bí ó bá dé ara ènìyàn, ó lè yún un, ṣùgbọ́n èyí tí ó wá láti ara ajá kì í lè bí sí i lára wa. Bí ajá bá ti gbádùn, ti ènìyàn a máa kásẹ̀ nílẹ̀ fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ènìyàn.

Ohun kan wà tí ẹ lè ṣe ní ìrọ̀lẹ́ òní. Ẹ fi ìka méjì mú eteetí etí rẹ̀, kí ẹ máa fi wọ́n ra ara wọn jẹ́jẹ́. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan náà bá ń tapá bí ẹni fẹ́ họra, ẹ̀rí ńlá ni, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí àṣepé. Tí ẹ bá gbé e wá, a ó fá awọ rẹ̀ díẹ̀ wò lábẹ́ ẹ̀rọ máíkírósíkóòpù. A lè má rí kòkòrò náà nígbà míràn, kí a sì tún tọ́jú kúrúnà, nítorí ó mọ ara pa mọ́.

Piriton kò ní pa kòkòrò kankan. Ó lè mú kí ajá sùn, kí ẹ sì rò pé ara rẹ̀ ti ń yá, nígbà tí kúrúnà ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun kejì ni pé bàbá Tanímọ̀la jẹ́ ajá Jámánì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa ivermectin, oògùn kòkòrò ti màlúù, sí i lára pẹ̀lú ìwọ̀n àfojúbù. Nínú ìdílé ajá Jámánì àti àwọn kan bẹ́ẹ̀, a máa ń rí èyí tí ẹnu-ọ̀nà ọpọlọ rẹ̀ kò lè dènà oògùn yìí. Ìwọ̀n tí ajá mìíràn gbà láìsí ewu lè jẹ́ kí irú ajá bẹ́ẹ̀ máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kí ó fọ́jú, kí ó sì dákú. Oògùn tuntun tí a ń fún ajá jẹ, bíi fluralaner àti afoxolaner, kò ní wàhálà yẹn, wọ́n sì ń pa eégbọn àti yọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ kúrúnà.

Ọmọ Ọ̀wọ̀

Ẹ̀yin ará, kí ni gbogbo ìnáwó yìí? Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí àwọn mẹkáníìkì ti dà nù, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, ni bàbá wa máa ń fi pa kúrúnà ajá lára. Ẹ̀ẹ̀mejì péré, irun á hù padà.

Bàbá Oníkòkó, Oǹdó

Àbúrò, mo ti ṣe é rí, nítorí náà mo lè dá yín lóhùn. Ajá kì í jẹ́ kí nǹkan wà ní ara òun, ahọ́n ni aṣọ ìnura rẹ̀. Èyí tí mo fi kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù pa lára lá gbogbo rẹ̀ tán, ó bì fún ọjọ́ mẹ́ta, awọ ikùn rẹ̀ sì bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé lórí. Irun hù padà lóòótọ́ lára èyí tí ó yè. Méjì ni wọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

Dókítà Ẹran, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́

Ẹ fi òtapiápiá kún un. N kò lè ka iye ajá tí mo ti rí tí wọ́n fi òtapiápiá wẹ̀ nítorí eégbọn. Itọ́ á máa dà lẹ́nu wọn, ara á máa gbọ̀n, a kì í sì í bá gbogbo wọn láàyè. Majele kòkòrò inú ilé ni. Kì í ṣe ọṣẹ.

Ọdẹ Ìdànrè

Ẹ dákun, mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ padà sórí Piriton díẹ̀, nítorí ibì kan wà tí ó ti wúlò fún mi gan-an. Ẹsẹ̀ òkè ni a ti ń dẹ̀gbẹ́, oyin sì pọ̀ nínú ihò àpáta. Ní ọdún tó kọjá, oyin kan ta ajá mi ní imú. Láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ètè rẹ̀ ti wú bí ti ẹlẹ́dẹ̀, ojú rẹ̀ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, kókó sì so kálẹ̀ ní gbogbo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rìn, ó ń mí dáadáa. Mo pe dókítà lórí fóònù, ó béèrè ìwọ̀n rẹ̀, ó sì sọ iye Piriton tí kí n fún un. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wálẹ̀ tán.

Ẹ̀ẹ̀kejì kò rí bẹ́ẹ̀. Oyin púpọ̀ ni ó bò ajá ẹnìkejì mi. Kò wú púpọ̀. Ó bì, ó ṣu omi tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀, ó wólẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ń wá Piriton nínú àpò. Mo ní kí ó gbé ajá sórí ọ̀kadà.

Dókítà Ẹran, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́

Ọdẹ, ẹ ṣe é. Bí àlẹ́jì bá le dé ibi ikú nínú ajá, ẹ̀dọ̀ àti ìfun ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ kọlù, nítorí náà èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti ìwólẹ̀ lè ṣáájú, kí ojú má tilẹ̀ wú. Ẹ gbé ètè ajá sókè, kí ẹ wo ẹran ìdí eyín rẹ̀; bí ó bá funfun dípò kí ó pupa, tàbí bí mímí bá ń ni ín lára, abẹ́rẹ́ adrenaline àti omi ni ó nílò. Hóró kì í yára tó ìyẹn. Ajá tí ó ń bì tàbí tí ó ti dákú kò gbọdọ̀ gba hóró lẹ́nu rárá, kí ó má baà gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ìyá Snowy, Ọba-Ilé

Níwọ̀n ìgbà tí Dókítà ti sọ pé kí a máa wá ìdí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti rí ti Snowy. Kì í ṣe eruku ọyẹ́, bí mo ti rò, oúnjẹ ni. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹja àrọ̀ bíbọ̀ àti ọ̀dùnkún nìkan ni ó jẹ, nítorí pé kò jẹ ẹja àrọ̀ rí tẹ́lẹ̀: kò sí iyọ̀, kò sí ata, kò sí àlùbọ́sà, èyí tí ó jẹ́ májèlé fún ajá. Iṣẹ́ tí ó le jù ni láti dá àwọn ará ilé dúró. Wọ́n ní ohun tí ajá máa jẹ, Èṣù á ṣe é. Ní ilé tèmi, ìyá ọkọ mi ni Èṣù náà, eegun adìẹ ni ó sì máa ń ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, híhọ náà lọ sílẹ̀. Nígbà tí a dá adìẹ padà, ọjọ́ kẹrin ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà, a kì í fún un ní cetirizine mọ́ àfi bí ó bá ṣèèṣì jí adìẹ jẹ.

Ìyá Tanímọ̀la

Ẹ kú àìgbọ́ mi láti ọjọ́ mọ́kànlélógún. Mo ṣe ìdánwò etí náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tapá bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ kejì mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹran. Kílò 21 ni, kì í ṣe 18 bíi ti àpẹẹrẹ Bàbá Oníkòkó. Wọ́n fá awọ rẹ̀ ní ibi mẹ́rin, wọ́n rí kòkòrò ní ọ̀kan péré. Hóró tí ń pa kúrúnà ni wọ́n fún un, wọ́n sì ní kí n fún ajá aládùúgbò mi náà, nítorí àwọn méjèèjì jọ máa ń ṣeré ní ojúbodè. Òun ni mo lọ bá pé hóró méjì Piriton rẹ̀ kò lè wo èyí. A fi omi gbígbóná fọ ẹní, a sì sun àpò tí Tanímọ̀la ń sùn lé. Ọ̀sẹ̀ kìíní, híhọ náà kò yàtọ̀, ẹ̀rù sì bà mí. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Irun wẹ́wẹ́ ti ń yọ ní etí rẹ̀ báyìí, ó sì ti di ọjọ́ márùn-ún tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé kò dún ní òru.

Dókítà ènìyàn wo ọmọ mi, ó ní kókó náà á gbẹ bí ajá ṣe ń gbádùn, ó sì ní kí n máa fún un ní ìdajì hóró Piriton lálẹ́ kí ó lè sùn. Inú páálí tí mo ti fẹ́ bù fún ajá ni mo ti ń gé e.